Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Pùrósẹ́sọ̀ Kọ̀ǹpútà Yín Nítorí Géèmù Tuntun

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA bá parí ìdánwò, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́bàá South Gate ní Àkúrẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, géèmù tuntun tí mo fi sórí ẹ̀rọ yìí ń fà, ṣé kí n pààrọ̀ pùrósẹ́sọ̀ ni?” Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn ni pé a kò tíì mọ̀. Ẹ̀yà tó ń gbé géèmù ró nínú kọ̀ǹpútà ju ẹyọ kan lọ, èyí tó bá lọ́ra jù nínú wọn ló sì ń pinnu bí géèmù náà ṣe máa yá tó. Ẹni tó bá ra pùrósẹ́sọ̀ nígbà tó jẹ́ pé káàdì àwòrán ló ń dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró yóò náwó tán, yóò sì bá géèmù níbi tó fi í sí. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó fi oṣù mélòó kan tọ́jú owó, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé àyẹ̀wò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni ì bá gba owó náà sílẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn ni mo fẹ́ kọ́ yín níhìn-ín, pẹ̀lú bí a ṣe ń ṣe ìpinnu lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí pùrósẹ́sọ̀ ń ṣe nínú géèmù. Mo máa ń fi í wé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ nígbà tí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá ló ń wọn ènìyàn, òun ló ń gé aṣọ, òun ló sì ń sọ ohun tí ọmọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa rán. Àwọn ọmọṣẹ́, tí wọ́n pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Pùrósẹ́sọ̀ ni ọ̀gá yẹn: òun ló ń ṣírò ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú géèmù dúró sí, ohun tí ọ̀tá fẹ́ ṣe, bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ta padà lẹ́yìn tó bá lu ọ̀pá, àti ohun gbogbo tó yẹ kó hàn lójú mọ́nítọ̀. Káàdì àwòrán, tí àwa onígéèmù ń pè ní GPU, ni àwọn ọmọṣẹ́, tí wọ́n ń ya ohun tí ọ̀gá ti gé kalẹ̀. Bí ọ̀gá bá lọ́ra, àwọn ọmọṣẹ́ á káwọ́ gbera. Bí àwọn ọmọṣẹ́ ló bá lọ́ra, aṣọ tí a ti gé á di òkìtì nílẹ̀, ọ̀gá ì báà sì yára bí ẹ̀fúùfù, oníbàárà kò ní tètè gba aṣọ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí a ń kọ ní 60 fps, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ wọn lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 16.7. Ní 30 fps, wọ́n ní 33.3, ní 144 fps, nǹkan bí 7 péré ni wọ́n ní.

Ìdí tí ìbéèrè yìí fi pọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò fara pamọ́. PlayStation 4 àti Xbox One, tí wọ́n jáde ní 2013, ní core (ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú pùrósẹ́sọ̀) 8 lóòótọ́, ṣùgbọ́n core tí kò lágbára ni, nítorí náà àwọn tó ń ṣe géèmù kò lè di ẹrù tó wúwo lé pùrósẹ́sọ̀ lórí, kọ̀ǹpútà oní-core 4 tó wà lórí tábìlì wa sì ń bá wọn rìn láìmí gúlegúle. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, PlayStation 5 àti Xbox Series X jáde pẹ̀lú core 8 ti Zen 2 tí AMD ṣe, ìran kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ pùrósẹ́sọ̀ Ryzen 3000 wọn. Nígbà tí àwọn olùṣe géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn tì, ẹrù náà wúwo sí i. Starfield àti Baldur's Gate 3 tí wọ́n jáde ní 2023, àti Dragon's Dogma 2 tó tẹ̀lé wọn ní 2024, jẹ́ géèmù tí èrò inú ìlú wọn máa ń mú pùrósẹ́sọ̀ tó ti pẹ́ mí hẹlẹhẹlẹ, káàdì àwòrán tó wà níbẹ̀ ì báà lágbára.

Àyẹ̀wò tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín ṣe

Ẹ yan géèmù tó ń yọ yín lẹ́nu gan-an, kí ẹ sì wá ibi tó ti máa ń fà jù lọ nínú rẹ̀, tí ẹ sì lè padà sí nígbàkigbà. Ẹ má ṣe é nínú yàrá tó ṣófo. Bí ó bá jẹ́ Cyberpunk 2077, ẹ lọ sí ojú pópó tí èrò ti ń wọ́. Bí ó bá jẹ́ Baldur's Gate 3, ẹ lo ìlú ńlá tó wà ní apá kẹta, nítorí pé èrò ibẹ̀ ń mú pùrósẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ ju igbó apá kìíní lọ. Ẹ fi géèmù náà pamọ́ síbẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ojú kan náà ni ẹ ó ti máa dán gbogbo nǹkan wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gba MSI Afterburner sórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú RivaTuner Statistics Server tó máa ń bá a wá. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì búráǹdì yòówù. Orí ìkànnì MSI fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á, nítorí pé àwọn oníjìbìtì ti ṣe ayédèrú rẹ̀ tí wọ́n fi ń tan fáírọ́ọ̀sì kálẹ̀. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó máa fi nǹkan wọ̀nyí hàn lójú géèmù: fps, bí GPU ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, bí thread kọ̀ọ̀kan (ojú ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà nínú core) nínú pùrósẹ́sọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, ìgbóná àwọn méjèèjì, iye GHz tí pùrósẹ́sọ̀ ń sá, àti iye RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) tí a ti lò. Kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ pa V-Sync, tó ń so fps mọ́ eré mọ́nítọ̀, kí ẹ sì mú òté tó wà lórí fps kúrò nínú sẹ́tíǹgì géèmù, nítorí pé òté yẹn máa ń mú kí GPU sinmi, ẹni tí kò bá sì mọ̀ yóò rò pé pùrósẹ́sọ̀ ló fà á.

Ní báyìí, ẹ dúró síbi tí èrò wà, kí ẹ wo GPU. Bí ó bá wà ní 95% sókè, káàdì àwòrán ló ń dá yín dúró, pùrósẹ́sọ̀ tuntun kò sì ní fi nǹkan tó ṣe é fojú rí kún un. Bí GPU bá wà ní 60% tàbí 70%, tí fps kò sì tẹ́ yín lọ́rùn, àwọn ọmọṣẹ́ ti káwọ́ gbera nìyẹn, ẹnìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n dúró.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà, nítorí náà mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ díẹ̀. Wọn á ṣí Task Manager, wọn á rí i pé pùrósẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní 35%, wọn á sì sọ pé kò lè jẹ́ òun. Iye 35% yẹn jẹ́ àpapọ̀ gbogbo thread tó wà nínú rẹ̀. Nínú pùrósẹ́sọ̀ tó ní thread 12, bí thread kan ṣoṣo bá kún dẹ́nu, nǹkan bí 8% péré ni yóò fi kún àpapọ̀ náà. Géèmù sì máa ń ní iṣẹ́ àgbà kan tí kò ṣe é pín, tí orí thread kan ṣoṣo ló ti ń wáyé. Bí èyí bá ti dé góńgó agbára rẹ̀, àwọn thread tó kù lè máa sùn, géèmù á ṣì máa fà. Windows tún máa ń gbé iṣẹ́ yẹn láti orí core kan sí òmíràn, èyí tó mú kó ṣeé ṣe kí ẹ má rí core kankan tó dúró sí 100%. Ìdí nìyí tí mo fi gba ẹ̀rí GPU gbọ́ ju ẹ̀rí pùrósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Àyẹ̀wò kejì ló máa ń parí àríyànjiyàn. Ẹ kọ fps tí ẹ rí ní 1080p sílẹ̀, kí ẹ wá sọ resolution géèmù náà (iye àmì tí a fi ń ya àwòrán) kalẹ̀ sí 720p, kí ẹ sì padà dúró sí ojú ibẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ tí GPU ní láti ṣe ti dín kù ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pùrósẹ́sọ̀ kò yí padà rárá: èrò inú pópó kò dín kù nítorí pé a ya wọ́n kéré. Bí fps bá fò láti 48 sí 80, GPU ni ìṣòro yín. Bí ó bá kúrò ní 48 tó kàn dé 50, pùrósẹ́sọ̀ tàbí RAM ló mú géèmù náà lọ́wọ́ dání. Ìdí kan náà ni DLSS àti FSR, tí wọ́n ń ya àwòrán kéré kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́, kì í fi í ran ẹni tí pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀ lọ́ra lọ́wọ́, nítorí pé ẹrù GPU ni wọ́n ń dín kù.

Ẹ má wo fps àárín gbùngbùn nìkan o. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní 1% low, tó ń sọ bí géèmù ṣe ń lọ ní àwọn àkókò tó burú jù. Ẹ̀rọ tó ní 70 fps ní àárín gbùngbùn, tí 1% low rẹ̀ wá jẹ́ 25, yóò máa ta kọsẹ̀ lójú yín, ó sì máa ń wọ́pọ̀ pé pùrósẹ́sọ̀ tàbí RAM ló ń fà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ wọ ibì kan nìkan ni ó ń ta kọsẹ̀, tí ó sì dáa ní ìgbà kejì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé géèmù náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pèsè ohun tó máa fi ya ibẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn géèmù tí wọ́n fi irinṣẹ́ Unreal Engine ṣe. Pùrósẹ́sọ̀ tó yára yóò dín in kù, kò ní mú un kúrò.

Fún àwọn tó ń ṣe Football Manager, tí wọ́n sì pọ̀ gan-an ní Àkúrẹ́, ọ̀nà mìíràn ni. Kò sí ohun tó kan fps níbẹ̀: ẹ fi aago wo bó ṣe ń pẹ́ tó láti Sátidé kan sí èkejì nígbà tí ẹ bá kó ọ̀pọ̀ líìgì sínú géèmù. Níhìn-ín, pùrósẹ́sọ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Àwọn tó máa ń da ẹ̀bi wọn lé pùrósẹ́sọ̀ lórí

Ká ní àyẹ̀wò ti fi hàn pé GPU kọ́ ló ń dá yín dúró. Ẹ má tíì gbé owó jáde. Nígbà ọyẹ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá láti Ọ̀bà-Ilé, ó ní ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti sọ fún òun pé pùrósẹ́sọ̀ òun ti gbó, ó sì ti dá iye owó tuntun fún òun. Mo tan géèmù, mo sì wo ìgbóná: kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ó ti dé 100°C, GHz rẹ̀ sì já láti 4 wá sí abẹ́ 2. Pùrósẹ́sọ̀ tó bá gbóná dé òté rẹ̀ máa ń fúnra rẹ̀ dín eré kù kí ó má baà jóná. Nígbà tí a tú u, eruku ti di bí òwú sáàárín irin tó ń tu ooru lẹ́yìn fáànù, lẹ́ẹ̀ tó wà láàárín irin yẹn àti pùrósẹ́sọ̀ sì ti gbẹ bí ẹfun. A gbọn eruku náà, a fi lẹ́ẹ̀ tuntun sí i, ẹ̀rọ náà sì padà sí ipò rẹ̀. Ní ìlú tí ọyẹ́ ti ń da eruku bolẹ̀ láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ó yẹ kí a máa ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí géèmù kò tilẹ̀ fà.

RAM ló tẹ̀lé e. Igi RAM kan ṣoṣo ń fún pùrósẹ́sọ̀ ní ìdajì ọ̀nà tí igi méjì máa fún un, nítorí náà 8 GB méjì sàn ju 16 GB kan lọ, pàápàá fún Ryzen tó ń fi GPU inú ara rẹ̀ ṣe géèmù. Ẹ wo inú BIOS, ìyẹn sẹ́tíǹgì ìpilẹ̀ tó wà nínú bọ́ọ̀dù, bóyá XMP, tó ń jẹ́ kí RAM sá eré tí a kọ sí i lára, wà ní títàn. Bí kò bá sí, RAM tí ẹ rà ní 3200 lè máa sá ní 2133 láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Bí RAM yín bá jẹ́ 8 GB lápapọ̀, tí géèmù náà sì kún un, ẹ ra RAM kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun mìíràn. Bí géèmù bá wà lórí hard disk àtijọ́, ẹ gbé e sórí SSD. Àwọn èyí kò gba àlàyé gígùn.

Sẹ́tíǹgì kan wà tó jẹ́ pé pùrósẹ́sọ̀ ló ń san gbèsè wọn: iye èrò, bí ojú ṣe ń ríran jìnnà tó, àti ray tracing (ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn nínú géèmù), tí ọ̀pọ̀ rò pé GPU nìkan ló ń dààmú. Ẹ sọ àwọn mẹ́ta yìí kalẹ̀, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò ṣe. Mo mọ ẹni méjì tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wàhálà wọn parí sí.

Bí ó bá wá jẹ́ pùrósẹ́sọ̀ lóòótọ́

Ìbéèrè tó kàn ni irú mọ́dàbọ́ọ̀dù (pátákó tí a kan gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ mọ́) tí ẹ ní, nítorí pé òun ló máa sọ bóyá nǹkan kan ni ẹ fẹ́ rà tàbí mẹ́ta. Ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù lè dúró níhìn-ín: nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, wọ́n ti jó pùrósẹ́sọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣe é pààrọ̀, ẹni tó bá sì sọ pé òun lè bá yín pààrọ̀ rẹ̀, ẹ rọra kí i, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ yín kúrò níwájú rẹ̀.

Àwọn tí oríire wọn pọ̀ jù ni àwọn tó ní bọ́ọ̀dù tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì (ojú tí pùrósẹ́sọ̀ ń wọ̀) AM4 ti AMD. Láti 2017 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ti ń gba Ryzen, ìran Ryzen 1000 títí dé 5000 ló sì wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ní Ryzen 5 1600 lórí bọ́ọ̀dù B450 lè yọ ọ́, kí ó sì fi Ryzen 5 5600 sí i, kí ó máa lo RAM DDR4 (ìran RAM tí AM4 ń gbà) rẹ̀ àtijọ́ lọ. Core 6 àti thread 12 ni àwọn méjèèjì ní, síbẹ̀ ìyàtọ̀ wọn nínú géèmù pọ̀ gan-an, nítorí pé core kọ̀ọ̀kan nínú èyí tuntun ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ sí i láàárín àkókò kan náà. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnìkan bá ń fi iye core nìkan polówó ọjà fún yín. Lókè rẹ̀ ni 5700X3D àti 5800X3D wà, tí wọ́n ní cache 96 MB níbi tí 5600 ti ní 32 MB. Cache dà bí tábìlì tó wà níwájú ọ̀gá aránṣọ: bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni sísísì àti téèpù ṣe máa wà nítòsí tó, tí kò fi ní máa dìde lọ wá wọn nínú yàrá kejì, èyí tí í ṣe RAM. Géèmù fẹ́ràn cache púpọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún lórí AM4 ni BIOS. Bọ́ọ̀dù tó ti wà kí Ryzen 5000 tó jáde kò ní dá a mọ̀ àfi tí a bá sọ BIOS rẹ̀ di tuntun, lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, pùrósẹ́sọ̀ àtijọ́ ni a sì máa ń fi ṣe é kí a tó yọ ọ́. Ẹ lọ sí ìkànnì àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù yín, ẹ wo orúkọ pùrósẹ́sọ̀ náà nínú àkọsílẹ̀ èyí tí bọ́ọ̀dù náà ń gbà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á.

Ní ti Intel, ọ̀nà kì í gùn. Ìran kejì àti ìkẹta ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA1155; ìkẹrin, LGA1150; ìkẹfà àti ìkeje, LGA1151. Ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án náà ń jẹ́ LGA1151, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù ìkẹfà àti ìkeje, orúkọ yẹn sì ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ìkẹwàá àti ìkọkànlá ní LGA1200, ìkejìlá dé ìkẹrìnlá sì ní LGA1700. Ẹni tó ní i3 ìran kejìlá ṣì ní ibi tó lè gùn dé lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ i7 tàbí i9 ìran kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá, ẹ ṣọ́ra: Intel fúnra rẹ̀ gbà ní 2024 pé iná tó pọ̀ jù ń ba díẹ̀ nínú wọn jẹ́, ó sì gbé àtúnṣe BIOS jáde láti oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Àtúnṣe náà kì í wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó fi ojú rẹ̀ rí.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bíi OptiPlex, EliteDesk àti ThinkCentre, nítorí pé àwọn ni wọ́n kún ọjà tòkunbọ̀ wa, wọ́n sì ń ta ní òpópónà Ọba Adésidà bí iṣu. Ẹni tó ní OptiPlex 9020 pẹ̀lú i5-4590 lè fi i7-4790 rọ́pò rẹ̀: core 4 ṣì ni, ṣùgbọ́n thread yóò di 8, 1% low yóò sì sàn. Bí ẹ bá rí i ní owó tó kéré, ó tó ohun tí ènìyàn lè ṣe; bí owó náà bá súnmọ́ ti odidi ẹ̀rọ ìran kẹjọ, ẹ má ṣe é, nítorí pé òpin ọ̀nà ni bọ́ọ̀dù yẹn wà. Windows 11 kò fi ìran kẹrin sínú èyí tó gbà, ìtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ìran kẹta sẹ́yìn kò tilẹ̀ ní AVX2, irú àṣẹ ìṣirò kan nínú pùrósẹ́sọ̀, tí àwọn géèmù tuntun kan kò lè ṣí láìsí. Àwọn géèmù ìdíje bíi Valorant sì ń béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà ààbò ẹ̀rọ, lórí Windows 11. Fún ẹni tó wà ní ipò yìí, gbogbo ẹ̀rọ ló yẹ kó máa tọ́jú owó fún.

Bí bọ́ọ̀dù yín bá ti dé òpin, iye tí ẹ máa ṣírò ni ti pùrósẹ́sọ̀, bọ́ọ̀dù àti RAM pọ̀. AM5, sọ́kẹ́ẹ̀tì AMD tó tẹ̀lé AM4, tó jáde ní 2022, RAM DDR5 nìkan ló ń gbà. LGA1700 ní bọ́ọ̀dù DDR4 àti ti DDR5. AMD ti ṣèlérí pé òun yóò máa ṣe pùrósẹ́sọ̀ fún AM5 dé 2027 ó kéré tán, ìyẹn sì ni ìdí tí mo fi ń tọ́ka rẹ̀ fún ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Ẹ fi fáànù kún ìṣírò náà: 5600 máa ń ní tirẹ̀ nínú páálí, 5800X3D kò ní.

Ẹ ṣírò iná pẹ̀lú. Ryzen 5 5600 jẹ́ ti 65 W, nígbà tí i9-13900K lè fa 253 W nígbà tó bá ń sáré. Ẹni tó ń fi ínfátà 1 kVA ṣeré lálẹ́ nígbà tí BEDC bá mú iná lọ yóò mọ ìyàtọ̀ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lójú tèmi, ní Àkúrẹ́ yìí, pùrósẹ́sọ̀ tó ń ṣe dáadáa pẹ̀lú iná díẹ̀ níye lórí ju èyí tó fi ìdá díẹ̀ yára jù ú lọ.

Bí ẹ ṣe lè mọ ohun tí ẹ máa rí gbà

Àwọn tó ń dán pùrósẹ́sọ̀ wò lórí YouTube máa ń lo káàdì tó lágbára gan-an, bíi RTX 4090, ní 1080p, kí ìyàtọ̀ láàárín pùrósẹ́sọ̀ lè hàn kedere. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n káàdì yẹn kò sí nínú yàrá yín. Ẹ wá iye méjì fún géèmù kan náà, pẹ̀lú sẹ́tíǹgì kan náà: iye fps tí pùrósẹ́sọ̀ tí ẹ fẹ́ rà ṣe pẹ̀lú káàdì ńlá náà, àti iye fps tí káàdì tiyín ṣe pẹ̀lú pùrósẹ́sọ̀ ńlá. Èyí tó kéré nínú méjèèjì ni tiyín. Bí pùrósẹ́sọ̀ náà bá lè ṣe 130, tí káàdì yín kò lè ju 65 lọ, 65 ni ẹ máa rí. Bí ẹ bá sì ti ń rí 55 tẹ́lẹ̀, fps mẹ́wàá ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ fi owó yẹn rà. Ẹ tún wo mọ́nítọ̀ yín. Lórí mọ́nítọ̀ 60 Hz, tí kò lè fi ju àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹni tí 1% low rẹ̀ ti kọjá 60 kò nílò ohunkóhun.

Ní tèmi, mo máa ń sọ pé kí ènìyàn rà á nígbà tí nǹkan mẹ́ta bá pàdé: tí àyẹ̀wò 720p dá pùrósẹ́sọ̀ lẹ́bi nínú géèmù tó ń ṣe lójoojúmọ́, tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ gba èyí tó dára jù láìpààrọ̀ nǹkan mìíràn, tí ìṣírò òkè yìí sì fi hàn pé fps rẹ̀ máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, ó kéré tán. Bí èkejì bá yẹ̀, mo máa ń ní kí ó fara da sẹ́tíǹgì tó rẹlẹ̀ títí owó gbogbo rẹ̀ á fi pé.

Bí Ìkẹjà ní Computer Village ni ẹ ti máa rà á, tí wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi pùrósẹ́sọ̀ AM4 sínú ike rẹ̀ gan-an, nítorí pé ara pùrósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ni àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, èyí tó bá sì tẹ̀ nínú wọn lè sọ ọ́ di aláìwúlò. Ẹ gba fọ́tò abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Nígbà tí ẹ bá ń sọ BIOS di tuntun, kí ẹ̀rọ wà lórí UPS tàbí ínfátà, nítorí pé iná tó bá lọ láàárín iṣẹ́ yẹn lè pa bọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó yọ pùrósẹ́sọ̀ AM4 àtijọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí lẹ́ẹ̀ lè rọ̀, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì rọra yí irin ooru sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹni tó bá fà á sókè ṣàà máa ń fa pùrósẹ́sọ̀ tu pọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí tuntun bá ti wọlé, ẹ wo inú BIOS bóyá XMP ṣì wà ní títàn, nítorí pé ó máa ń padà sí pípa. Ẹ wá padà sí ojú kan náà nínú géèmù tí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi iye tuntun wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí GPU bá ti gun òkè 95%, iṣẹ́ ti parí. Ẹ tọ́jú pùrósẹ́sọ̀ àtijọ́ sínú ike tí tuntun bá wá, ẹ lo ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko pẹ̀lú géèmù tó wúwo jù lọ lọ́wọ́ yín, bí kò bá sì ti pa ara rẹ̀ rí láàárín àkókò yẹn, ẹ lè ta àtijọ́.